Ta Ló Gba Ti Lucrezia Rò?

Ìtàn La Mandragola, eré aláwàdà tí Niccolò Machiavelli kọ ní nǹkan bí ọdún 1518, kò ṣòro láti sọ. Callimaco, ọmọ Florence tó ti lo ogún ọdún ní Paris, gbọ́ òkìkí ẹwà Lucrezia, ló bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó dorí kọ ilé. Lucrezia ti lọ́kọ. Lọ́yà olówó ni Messer Nicia ọkọ rẹ̀, ọjọ́ orí ti ń lọ lára rẹ̀, wọn kò sì tíì rọ́mọ bí. Ligurio, ẹni tó ti ṣe alárenà rí, ní kí Callimaco pe ara rẹ̀ ní dókítà. Dókítà èké yìí wá sọ fún Nicia pé àgbo gbòǹgbò mandragola yóò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ bá a sùn lẹ́yìn tó mu ún yóò kú láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Kí ni ṣíṣe? Wọn yóò jí ọmọ ìta kan gbé lóru, kí oró àgbo náà bá tirẹ̀ lọ. Callimaco ló wọ aṣọ ọmọ ìta náà.

Nicia ni àwọn òǹwòran máa ń fi rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ aṣọ lára ọkùnrin tí wọ́n jí gbé, tó tan iná yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó lárùn, kó tó mú un dé orí ibùsùn ìyàwó ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá parí síbi ẹ̀rín yìí, a jẹ́ pé ẹni tó lọ̀ràn gan-an ni wọn kò yà sí. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílé wa. Láàárín ọdún 2021 sí 2025, A Midsummer Night's Dream ti Shakespeare wà lára ìwé tí WAEC yàn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló há orúkọ ẹ̀dá ìtàn àti àkékúrú ìtàn sórí, tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láì mọ irú ìlú tí òfin rẹ̀ fi fún bàbá láṣẹ láti ní kí wọ́n pa ọmọbìnrin rẹ̀ bí kò bá fẹ́ ẹni tí òun yàn.

Ibùdó ìtàn ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Florence ọdún 1504 ni ti La Mandragola. Nígbà tí wọ́n dámọ̀ràn pé kí Nicia mú ìyàwó rẹ̀ lọ wẹ omi ìwòsàn lẹ́yìn odi, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, torí kì í fẹ́ rìn jìnnà débi tí kò ti ní rí òrùlé roboto ńlá tí Brunelleschi kọ́ sórí kàtídírà ìlú. Ìwé ló gbójú lé. Bí Callimaco ṣe da Látìn bolẹ̀, ara lọ́yà wálẹ̀, ó gbà pé dókítà dé. Látìn ni èdè yunifásítì àti ti ìsìn nígbà náà. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ geere, ta ni yóò bi í léèrè ìwé ẹ̀rí? Ẹ̀rù ìjọba ṣì ń ba Nicia, àfìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ọba Faransé pàápàá ti lo oògùn náà, ló bá gbà. Ọdún 1494 ni Charles Kẹjọ, ọba Faransé, kó ogun wọ Ítálì, ogun yìí náà ló mú kí Callimaco dúró sí Paris. Orúkọ Faransé lágbára létí àwọn ará Florence, Machiavelli sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Akọ̀wé ìjọba Florence ni láti 1498 títí di 1512, tí ìdílé Medici padà gorí àlééfà, tí wọ́n sì yọ ọ́ níṣẹ́. Ní 1513 wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ń dìtẹ̀. Wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n fi okùn gbé e sókè, wọ́n sì ń já a sílẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn tó kúrò lẹ́wọ̀n ló lọ sóko tó kọ Il Principe, ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú La Mandragola, ó ní kí wọ́n má fi eré òun ṣe ẹ̀sùn, torí wọ́n ti dínà iṣẹ́ mìíràn mọ́ òun. Ẹni tí ìyà jẹ ló kọ àwàdà yìí.

Ti gbòǹgbò ńkọ́? Àwọn tó ń ka Bíbélì kò ní ṣàì rántí èso mándrákì tí Rákélì tọrọ lọ́wọ́ Léà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 30. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé ó ń fúnni lọ́mọ. Ẹni tó mọ ohun tí ojú àgàn ń rí ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní fi apá yìí ṣeré. Ìtọ̀ Lucrezia ni Nicia gbé lọ fún dókítà. Nígbà tí dókítà dá a lábàá pé ó lè jẹ́ ara ọkọ ni kò le, Nicia fi rẹ́rìn-ín ni: ó ní kò sí ọkùnrin tó le tó òun ní Florence. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti parí. Obìnrin ni yóò mu àgbo.

Lucrezia kò sì fẹ́. Nígbà kan ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò lọ sí Máàsì àkọ́kọ́ fún ogójì òwúrọ̀ nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn Fadá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì jáwọ́. Obìnrin tó lójú sí ara rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe wá rí i mú nìyí: ọkọ rẹ̀ ní kí ìyá rẹ̀, Sostrata, mú un lọ bá Fadá Timoteo, ẹni tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ligurio ti fi 300 dukati dán Fadá yìí wò ṣáájú. Ó ní ọmọbìnrin kan lóyún nílé àwọn sístà, kí Fadá bá wọn bá olórí wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún un ní nǹkan mu, kí oyún náà wálẹ̀. Fadá gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní oyún ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun mìíràn ló kù tí àwọn fẹ́ kó bá àwọn ṣe. Ohun mìíràn náà ni Lucrezia. Timoteo wá ṣí Bíbélì fún un, ó fi àwọn ọmọ Lọ́ọ̀tì ṣe àpẹẹrẹ, ó ní ọkàn ló ń dẹ́ṣẹ̀, kì í ṣe ara. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń sọ fún un pé obìnrin tí kò bímọ kò nílé.

Ọkọ, ìyá, àlùfáà: àwọn mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ó nìyẹn, àwọn náà ló sì fà á lé Callimaco lọ́wọ́. Èyí ni àárín eré náà. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn Róòmù yóò mọ̀ pé orúkọ Lucrezia kì í ṣe lásán. Lucretia ni obìnrin tí ọmọ ọba fipá bá lò pọ̀, tó pa ara rẹ̀, tí àwọn ará Róòmù sì torí ẹ̀ lé ọba kúrò nílùú. Livy kọ ìtàn náà, Machiavelli sì kọ odidi ìwé lórí Livy. Ti Florence yìí kò pa ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ pé ó ti gba Callimaco gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ títí ayé, Nicia sì fún Callimaco ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan nínú ilé rẹ̀.

A gbọ́ ni, a kò rí i. Callimaco ló ń ròyìn fún Ligurio ohun tí Lucrezia sọ lórí ibùsùn. Àwọn kan máa ń yin Lucrezia lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni, ó sọ àdánù di èrè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ó bá Nicia sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ẹni tó fi ẹ̀tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí a ní, kò sì bójú mu kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí olùkọ́ ní kí kíláàsì ka ìpín kẹta sókè, kí wọ́n yan ẹnì kan ṣe Lucrezia láàárín ìyá àti àlùfáà, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó sọ pé òun kò fẹ́.