Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Ń Fi Iṣẹ́ Dọ̀la Ni Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la ni mo gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì gbé pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wọn wálé sí Lákòwé. Oṣù méjì gbáko, wọn ò kọ ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n á fọ aṣọ gbogbo ilé, wọ́n á pọn omi, wọ́n á tún lọ bá Mọ́mì tajà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Tí lẹ́kíṣọ̀rà wọn bá pè, wọ́n á dojú fóònù délẹ̀. Dádì pè wọ́n lọ́lẹ. Nínú ọkàn mi, èmi náà bá wọn pè é.

Lóru ọjọ́ kan ni mo jí, mo bá wọn níwájú laptop. Wọn ò tẹ nǹkan kan, wọ́n kàn ń làágùn. Wọ́n ní, "Tí mo bá kọ ọ́ tí kò dáa ńkọ́?" Ọ̀lẹ kì í làágùn lóru, ọ̀lẹ ti sùn.

Lọ́dún 1984, Laura Solomon àti Esther Rothblum bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 342 léèrè ní Amẹ́ríkà. Ìdá 46 nínú 100 ló ní ìgbà gbogbo, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo, làwọn máa ń sún iṣẹ́ kíkọ síwájú. Ìbẹ̀rù ìkùnà wà lára ohun tó ń fà á. Àbí gbogbo wọn ló ya ọ̀lẹ ni? Lọ́dún 1997, Tice àti Baumeister rí i pé ara irú wọn máa ń balẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ níbẹ̀rẹ̀ sáà. Tí sáà bá ń parí, ìdààmú àti àìsàn tiwọn á wá pọ̀ jù, máàkì wọn á sì kéré. Owó èlé gbáà ni: o yá ìsinmi, o fi àìsùn san án.

Nílẹ̀ wa, ìyanṣẹ́lódì tún dá kún un. Láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ASUU fi wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí ètò rẹ̀ ti dàrú báyẹn, kí ló fẹ́ máa kánjú sí?

Mo mọ̀ pé ọ̀lẹ wà o. Kíláàsì wa ò ṣaláìní (mi ò ní dárúkọ). Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin àti pàṣán kì í lé ẹ̀rù lọ, ṣe ni wọ́n ń fi kún un. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ẹ bá fún wa ní iṣẹ́ ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ojú ìwé kan lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ti wù kó rí wúruwùru, láìsí máàkì, láìsí pàṣán.

Ohun tí lẹ́kíṣọ̀rà ẹ̀gbọ́n mi ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ohun tó bá wà nílẹ̀ wá, kódà kó burú. Ẹ̀gbọ́n mi kó ojú ìwé mẹ́ta lọ. Orí kejì ni wọ́n wà báyìí. Dádì ò tíì yé pè wọ́n lọ́lẹ.