Lóru ní Ureca

Àgbàlagbà tó bá ti ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Fernando Pó rí mọ erékùṣù náà; Bioko là ń pè é lónìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló dé Ureca, létí òkun gúúsù?

Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò eré: ó ń tó mítà 10 lọ́dún. Tó bá di oṣù Kọkànlá, ìjàpá òkun á máa wọ́ gòkè lóru sórí yanrìn dúdú, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á yé ẹyin funfun roboto, á bò ó, á sì padà sómi.

Títì tí wọ́n là débẹ̀ dára fún aláboyún tó ń wá dókítà. Fún ọdẹ tó ń gbé ẹran ọ̀bọ lọ tà ní Malabo, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.