Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Wo Ilẹ̀kùn Tí Mùsùlùmí Gbẹ́ fún Ṣọ́ọ̀ṣì



Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní táàmù yìí. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn dábàá pé ká lọ sí Ìbàdàn, ká wo ilé ìsìn Kátólíìkì méjì: èyí tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn àti ti àwọn àlùfáà Dominican ní Sámọ́ńdà. Bí a ṣe lẹ àbá náà mọ́ ògiri báyìí ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Èmi kì í ṣe Kátólíìkì, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Àwọn kan tiẹ̀ ní ère ló kún inú rẹ̀, àwọn òbí àwọn ò ní gbà. Èrò tèmi ni pé ó yẹ ká lọ, ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì gan-an ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1947, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọ̀yẹ́ ò jìnnà sí wa; téèyàn bá ti kọjá Adó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Àlùfáà Kevin Carroll ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Àwọn wo ló wá ń gbẹ́gi fún un? Bándélé wà níbẹ̀, ọmọ Àreógun ará Ọ̀sì, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère Ẹ̀pà. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Làmídì, Mùsùlùmí náà ló sì jẹ́ títí tó fi kú ní 2009. Síbẹ̀, òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì tí a fẹ́ lọ wò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣé wíwò lásán ló máa wá ba tiwa jẹ́?

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n tó wá kí Jésù jòjòló, bí ọba ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bruce Onobrakpeya, ọmọ Ùròbò, ya àwòrán ìrìn Jésù lọ sí orí àgbélébùú, mẹ́rìnlá gbáko, sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Aṣọ tiwa ló wọ̀ fún àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Ilé ìsìn ti Sámọ́ńdà ńkọ́? Demas Nwoko ló ya ilé náà, wọ́n sì kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, kì í ṣe ilé yíyà. Àti ilé, àti àwọn iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀, òun ló ronú wọn jáde. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àwọn ará òkè òkun ti mọ iyì ọkùnrin yìí. Àwa tó jẹ́ pé Iléṣà àti Ifẹ̀ la máa gbà débẹ̀, a ò tíì lọ wò ó.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Nínú iṣẹ́ CCA, a máa ń há orúkọ Fákẹ́yẹ, Onobrakpeya àti Nwoko sórí. A mọ ìlú wọn, a lè kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú kan iṣẹ́ wọn rí? Ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn Kátólíìkì mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Òkè Màríà ní Ọ̀kà-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ní Dassa-Zoumé ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Ìdáàṣà ti ń sọ ẹ̀yà èdè Yorùbá, èrò máa ń rọ́ lọ síbi ihò àpáta Màríà ní oṣù kẹjọ. Wọn kì í jókòó sílé kí wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó wà ńlẹ̀. Owó mọ́tò ti wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo òbí ló lè san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n má fi mọ sí Ìbàdàn nìkan. Ẹni tí kò bá lè lọ, kó mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kó lọ ya ilẹ̀kùn tàbí òpó onígi tó bá rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ààfin ní Ìgbàrà-Òkè níbí. Ká tètè ṣe é o. Lóde òní, bí ilé ìsìn bá ti rówó díẹ̀, ilẹ̀kùn onígi àtijọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ dànù, wọ́n á gbé onírin sí i. Tẹ́ni kankan ò bá yà á, á di ohun ìgbàgbé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fòyà. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ yín kúnlẹ̀ tàbí kó ṣe àmì àgbélébùú. A máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, a máa múra dáadáa, a ò ní pariwo. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí kíláàsì rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbà pẹ̀lú mi, kó kọ tirẹ̀ wá. Àyè ṣì wà lára ògiri.