Ta Ló Ń Dá Ẹ̀sín Náà Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́, Pọ́bẹ̀, títí dé Àtàkpàmé, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, abẹ́lẹ̀ ni a ti máa ń sọ ọ́. Ìdí tí a fi ní láti sọ ọ́ ní gbangba nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá pa ara rẹ̀ láàárín wa, a ó ní àìsàn ráńpẹ́ ni. A ó sáré sin ín. Opó rẹ̀ kò ní rí ẹni bá a jókòó. Lẹ́yìn náà, àgbà kan á mi orí, á ní: "Ikú yá ju ẹ̀sín."

A kò gbà! Òwe náà kò burú. Ìlò rẹ̀ ni a bàjẹ́. Wọ́n pa á kí ènìyàn lè ṣọ́ ìwà rẹ̀, kì í ṣe kó lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ta ló sì ń dá ẹ̀sín náà sílẹ̀? Ọmọ tó fìdí rẹmi nínú BAC, ta ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ta ló ń pariwo rẹ̀ lọ́jà? Ìyá ọmọ tuntun tó ń sunkún ṣáá, ta ló ń pè é ní ọ̀lẹ? Àwa náà ni.

Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé ó lé ní 700.000 ènìyàn tó ń pa ara wọn lọ́dọọdún. Ó wà lára ohun tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 sí 29 jù lọ. Ìjọba ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn nítorí ibà, ó dára. Èyí ńkọ́?

Àwọn kan ní bí a bá ń sọ ọ́, a ó fi kọ́ ọmọ ni. Rárá o. Àwọn oníṣègùn ní bíbi ẹni tí ìbànújẹ́ bò léèrè bóyá ó ń ro ikú kì í gbìn ín sí i lọ́kàn; ó ń jẹ́ kó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ń béèrè rèé. Ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a sin irú òkú bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, kí a sì dúró ti ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yin ará mairie, láti Kétu dé ilé ìwòsàn Jacquot ní Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ: ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan tó mọ ìtọ́jú ọkàn wà nítòsí wa. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ti oògùn oko mọ́ inú àpótí. Sri Lanka fòfin de èyí tó léwu jù nínú wọn, iye àwọn tó ń pa ara wọn níbẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kó má bá wa lẹ́nu dídì mọ́.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, má dá wà lálẹ́ òní. Pe ẹnìkan, sọ ọ́ fún un, kó sin ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwọ kọ́ ni ẹ̀sín. Ààyè rẹ ni a fẹ́.

Ẹ bá wa pín in.