Kẹ̀kẹ́ Irin Ni Kí Ọmọ Kétu Fi Bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí kẹ̀kẹ́ eré-ìje àkọ́kọ́, n kò sì fara mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé yín ní kí ọ̀dọ́ tọ́jú owó títí yóò fi lè ra tuntun oní-carbon. Òótọ́ ni pé Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, fi kẹ̀kẹ́ carbon gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France ọdún 2024, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń sanwó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí carbon bá sán ní Kétu, ta ni yóò tún un ṣe? Irin ni wẹ́dà wa mọ̀.

Kẹ̀kẹ́ irin tòkúnbọ̀ tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé ti tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ara táyà. Bó bá jẹ́ 622, ẹ óò rí táyà rà. 630 ti di ohun àtijọ́. Kẹ̀kẹ́ Faransé ayé ọjọ́un lẹ́wà lóòótọ́ (èmi náà fẹ́ràn wọn), àmọ́ ẹnu ìdè ibi tí ẹsẹ̀ pẹ́dà ń yí lé yàtọ̀ sí ti òde òní, ìpààrọ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ má ra èyí tí ẹ kò lè dúró gàǹgà lé láìfarakan irin òkè. Ẹ rí i pé táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 32 lè wọlé, nítorí ilẹ̀ pupa oko wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ní àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, ẹ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu wò.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Kétu