Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Àpótí Lórúkọ

Ọ̀gá Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn àpótí sípíkà ńláńlá tí àwọn onígìtá béèsì fi ń ṣeré láyé ijọ́un, tí kò sí orúkọ lára wọn mọ́.

Iṣẹ́ rédíò àti ańpílífáyà títúnṣe ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ jùjú kan. Àpótí tí bàbá náà fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ rà á ní pákó lásán ni, owó igi ìdáná ló fẹ́ san. Ẹnì kejì ní kí àwọn ọmọ kùn ún lọ́dà dúdú, kí wọ́n kan orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan tó lókìkí mọ́ ọn níwájú, ó ní owó rẹ̀ yóò lé sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo ní, "Màmá, ẹ má dá ìkankan nínú wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpótí. Níwájú, kò sí nǹkan kan àfi ihò kékeré méjì níbi tí orúkọ ti já bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú síkúrù ẹ̀yìn, mo bá sípíkà ínṣì 15 méjì, mo sì rí nọ́ńbà kan náà tí wọ́n tẹ̀ sára irin àwọn méjèèjì: 137-7118.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé nọ́ńbà lásán ni. Rárá o! Àwọn tó ń ṣe sípíkà ní Amẹ́ríkà ní àdéhùn kan: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ṣe é. 137 ni CTS, 220 ni Jensen, 465 ni Oxford, 328 ni Utah, 67 ni Eminence. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀. CTS ló ṣe àwọn sípíkà yìí, ní ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 1971. Nígbà mìíràn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ọdún. Bó bá jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 1954, ó sì lè jẹ́ 1964. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í tẹ̀ lé ètò yìí: bíi Celestion, Goodmans àti Fane, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí òòfà.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú o. Ẹni tó ṣe sípíkà kọ́ ló ṣe àpótí. Ampeg ra sípíkà lọ́wọ́ CTS, Fender náà rà. Ẹlòmíràn sì ti lè pààrọ̀ sípíkà láti ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi wo ojú ibi tí wọ́n ti jó wáyà pọ̀, bóyá ẹnì kan ti tún un jó, tí mo sì wo bóyá ihò síkúrù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí àmì kankan. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jáde, ó jọ pé àwọn ni wọ́n bá àpótí náà wá. Pákó rẹ̀ jẹ́ pílíwúùdù tó nípọn, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́rún igi lẹ̀ pọ̀, tó máa ń wú bí omi bá kàn án.

Ìrísí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí sípíkà ínṣì 10 mẹ́jọ nínú àpótí gíga kan, ọkàn rẹ̀ á lọ sí Ampeg SVT ti ọdún 1969. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti fara wé e, àwọn káfíńtà tiwa náà sì mọ àpótí kàn dáadáa.

Ta ló wá kan àpótí ìyá yìí? N kò mọ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmọ́ mo kọ gbogbo ohun tí mo rí sínú ìwé, mo fi lé e lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bá àwọn oníṣòwò wa jà sí nìyẹn: bí ẹ kò bá mọ orúkọ, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Orúkọ èké kì í ṣe irọ́ nìkan, ó tún léwu. Ẹni tó bá tìtorí orúkọ gbà pé óòmù 8 ni àpótí, tó sì jẹ́ 4, lè jó ańpílífáyà rẹ̀. Mítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Sípíkà óòmù 8 sábà máa ń fi bíi 6 hàn, ti 4 a máa fi bíi 3 hàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún irú rẹ̀, ẹ má kùn ún, ẹ má ju síkúrù rẹ̀ nù, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà olórin tẹ́ ẹ ṣì wà láyé, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti ra irinṣẹ́ yín àti ọdún tẹ́ ẹ rà á fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n má baà fi ohun iyebíye dáná.

Ìyá náà ti gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Kí adìẹ wá ibòmíràn sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Oní-Rédíò,
Abẹ́òkúta.