Abèèrè Kì í Ṣìnà

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ Ìfọ̀nyìn, bí ìṣirò bá ta kókó fún ọmọ terminale, ẹ má ṣe bá a ṣe é tán: òun nìkan ni yóò jókòó ṣe ìdánwò baccalauréat. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ìbéèrè náà ń wá. Nígbà mìíràn, èdè Faransé ni kò yé e, kì í ṣe ìṣirò. Èdè wa kò sì ṣàjèjì sí ìṣirò: mẹ́rìndínlógún tí à ń pe 16, 20 tí a yọ 4 kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá ṣàlàyé títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti há, ó ti mọ ohun tí yóò béèrè. Ibẹ̀ ni kí a ti ràn án lọ́wọ́.